Ẹni Tí Yóò San Gbèsè Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Béèrè

Wọ́n pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó tí ìjọba ń ná, gbèsè tí ìjọba ń jẹ, àti ohun tó yẹ kí ará ìlú máa sọ sí i.

Mi ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ. Gbèsè ìjọba, àwa ni a ó san án, ẹni tí yóò sì san gbèsè kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni kó tó béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ń mú olórí dáhùn ní bó ṣe máa ń rí. Ó máa ń ní ìwé lọ́wọ́, ó máa ń tètè dé kí owó tó jáde, ó sì máa ń ti ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èébú kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Gbogbo àpẹẹrẹ tí mo bá mú wá lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Bí ẹrù náà ṣe wúwo tó

Ní ọdún 2005, nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ ààrẹ, tí Ngozi Okonjo-Iweala sì jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, àwọn orílẹ̀-èdè tí a jẹ lówó nínú ẹgbẹ́ Paris Club gbà láti fagi lé bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú gbèsè wa. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nàìjíríà san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 dọ́là kí ọ̀rọ̀ náà tó parí ní oṣù kẹrin ọdún 2006. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn nígbà náà pé a ti bọ́ lọ́wọ́ olówó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, DMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ṣírò gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ pọ̀ sí tírílíọ̀nù 12.12 náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó ti di tírílíọ̀nù 87.38. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti di tírílíọ̀nù 144.67. Bí a bá ka ara wa sí mílíọ̀nù 220, tí a pín in dọ́gba-dọ́gba, tọmọ jòjòló tàgbà, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ju 650,000 náírà lọ. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ láti ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí lè fi odindi owó oṣù mẹ́sàn-án sílẹ̀, láìjẹ láìmu, kí ìpín tirẹ̀ nìkan má sì tíì tán. A ò tíì dárúkọ ìyàwó, a ò tíì dárúkọ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Kì í ṣe gbogbo iye tó gorí gbèsè náà ni wọ́n yá ní tuntun. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà gòkè títí ó fi kọjá 1,500 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bílíọ̀nù dọ́là kan tó jẹ́ bílíọ̀nù 460 náírà nínú ìwé wá di tírílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yá kọ́bọ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè tí a jẹ ní owó ilẹ̀ òkèèrè ṣe máa ń wú nígbà tí agbára owó tiwa bá rọ. Nítorí náà, bí gómìnà tàbí ààrẹ bá ní òun fẹ́ yá owó, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í ni pé: owó ilẹ̀ wo ni a ó fi san án? Èlé rẹ̀ jẹ́ mélòó? Ọdún mélòó ni a ó fi san án? Iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ fi ṣe, níbo ni iṣẹ́ náà sì wà?

Ètò ìṣúná ọdún 2025 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún náà jẹ́ tírílíọ̀nù 54.99 náírà. Tírílíọ̀nù 14.32 nínú rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi san gbèsè. Nínú náírà mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ ná, ó ju ẹyọ kan lọ tó jẹ́ ti olówó. Kò lè ra oògùn sí ilé ìwòsàn, kò lè gba olùkọ́ kan síṣẹ́, kò lè tún afárá kan ṣe.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ láyé àtijọ́. Baba yóò yá owó, yóò sì fi ọmọ rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ bá ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Kì í dín ojú owó kù rárá. Ọmọ lè ṣiṣẹ́ títí irùngbọ̀n á fi hù lẹ́nu rẹ̀, kí baba ṣì jẹ odindi iye tó yá lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Owó tí ìjọba bá yá láti fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti láti fi ṣe ìnáwó tí kò ní mú nǹkankan wọlé, bí a ṣe ń fi ọmọ tí a kò tíì bí ṣe ìwọ̀fà nìyẹn.

Gbèsè fúnra rẹ̀ kò burú. Owó tí a yá lọ́wọ́ Báǹkì Exim ilẹ̀ Ṣáínà wà lára ohun tí a fi ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Àwọn èèyàn ń wọ̀ ọ́, a sì lè fọwọ́ tọ́ka sí i. Òfin tiwa pàápàá, ìyẹn òfin tó rọ̀ mọ́ ìnáwó ìjọba tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007, sọ pé nítorí iṣẹ́ amáyédẹrùn àti ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn nìkan ni ìjọba lè fi yá owó, kí èlé rẹ̀ sì kéré, kí àkókò ìsanpadà rẹ̀ sì gùn. Ohun tí à ń béèrè kò ju pé kí wọ́n pa òfin tí àwọn fúnra wọn ṣe mọ́.

Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ kó bá wa

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹnì kan bá rò pé òwe lásán ni, kó wo ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń pè ní Ways and Means.

Òfin tó dá Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀, ti ọdún 2007, gbà pé kí báǹkì náà yá ìjọba àpapọ̀ lówó fún ìgbà díẹ̀ bí owó kò bá tíì wọlé. Ṣùgbọ́n òfin náà fi odi sí i: kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó kọjá, ọdún kò sì gbọdọ̀ yí kí wọ́n má san án. Ọdún yí, wọn kò san án. Ọdún mìíràn yí, wọ́n tún gbà sí i. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ń pariwo, àwọn ìwé ìròyìn ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé ọjà, kò dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò dé mọ́sálásí, nítorí pé èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kì í ṣe èdè tí èèyàn lè fi bínú.

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó náà ti ju tírílíọ̀nù 22 lọ. Bẹ́ẹ̀, ètò ìṣúná gbogbo Nàìjíríà fún odindi ọdún 2023 jẹ́ tírílíọ̀nù 21.83. Ìyẹn ni pé owó tí wọ́n gbà lẹ́yìnkùlé ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé fún ọdún kan lọ. Àwọn aṣòfin tí sáà wọn ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó parí wá fọwọ́ sí i pé kí tírílíọ̀nù 22.7 náírà di gbèsè tí a ó fi ogójì ọdún san, pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Owó ti tán kí wọ́n tó béèrè àṣẹ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn yóò ti pé ẹni ogójì ọdún kí gbèsè náà tó tán nílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí. Òfin wà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà. Báǹkì tí òfin dè lọ́wọ́ wà. Ohun tí kò sí ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó mọ̀ pé ìdá márùn-ún ni òfin sọ, tí wọ́n sì ń bi aṣòfin tí wọ́n dìbò fún pé mélòó ni wọ́n ti gbà báyìí.

Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá

Àwọn kan máa ń sọ pé kò bá àṣà Yorùbá mu kí ará ìlú máa bi olórí léèrè owó. Irọ́ ni. Ọba Ọ̀yọ́ kò lè ṣe bó ṣe wù ú láìsí Ọ̀yọ́ Mèsì. Baṣọ̀run ló ń ṣáájú wọn, wọ́n sì lágbára láti kọ ọba tó bá ṣèlú bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ní ìyẹn ti jìnnà jù, kó jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta.

Lábẹ́ ìjọba òyìnbó, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ni àṣẹ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀, yálà wọ́n rí tà tàbí wọn kò rí tà, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní aṣojú kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ń fi ipá gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tó ń san owó orí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó jẹ́ olùkọ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá olówó àti ọlọ́lá tó wà tẹ́lẹ̀ wá gba àwọn ìyá ọjà mọ́ra, ó sì di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn, kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní àṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìgbafẹ́ àti ọdún, wọ́n sì jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sí ààfin Aké, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ìyá Ransome-Kuti fúnra rẹ̀ kọ̀ láti san owó orí, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n béèrè ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Wọn kò dúró lórí pé owó orí pọ̀. Wọ́n ní kí ìjọba fagi lé owó orí obìnrin, kó sì gba owó náà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Wọ́n ní kí wọ́n fi owó ìlú ṣe ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí obìnrin jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín owó. Àwọn ìyá tí púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń di gègé mú ló kọ ètò ìṣúná tiwọn sójú ètò ìṣúná ọba. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké kúrò lórí ìtẹ́. Ìparí ọdún 1950 ló tó padà. Owó orí obìnrin sì dópin.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, a rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìbéèrè kò bá rí ẹni gbọ́ ọ. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ṣàlàyé títí pé owó orí ti ju agbára àwọn lọ, pé owó kòkó kò tó nǹkan, pé ọ̀nà oko kò ṣeé rìn, pé àwọn kò rí ohun tí ìjọba ń fi owó náà ṣe. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó di ogun Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ̀mí ṣòfò lọ́tùn-ún lósì, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bá Táfà Adéoyè, tó jẹ́ olórí àwọn àgbẹ̀ náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Ohun tí wọn ìbá fi ẹnu yanjú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi san án. Olórí tó bá ń dí ẹnu aráàlú kò mọ̀ pé òun ń ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tó burú ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ìbéèrè tó ṣiṣẹ́ lójú wa

Olóògbé Gani Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, fi hàn wá pé ilé ẹjọ́ pàápàá lè jẹ́ ibi tí a ti ń béèrè. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń san owó oṣù mínísítà méjì ní dọ́là, ní iye tó ju èyí tí òfin là kalẹ̀ lọ, ó gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Kò gbà. Ní ọdún 2007, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ó kàn án, pé ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ìjọba léèrè bí wọ́n bá ń ná owó ìlú lọ́nà tí òfin kò gbà. Ìdájọ́ yẹn wúlò fún gbogbo wa ju owó oṣù mínísítà méjì lọ.

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí epo bẹntiróòlù ti wọ́n gógó lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò, wọ́n gbé àfikún ètò ìṣúná tírílíọ̀nù 2.17 náírà wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àwọn tó ń ka ìwé náà ní ìlà dé ìlà rí i pé bílíọ̀nù márùn-ún àti díẹ̀ wà níbẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi ààrẹ. Nínú ìwé kan náà, nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún ni wọ́n kọ fún owó tí wọ́n fẹ́ yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orí kò gbà á fún ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ṣàlàyé pé iṣẹ́ wà tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n àwọn aráàlú kò yéé sọ̀rọ̀. Àwọn aṣojú-ṣòfin yọ owó ọkọ̀ náà kúrò, wọ́n sì sọ ti akẹ́kọ̀ọ́ di bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ẹ kíyè sí ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe: owó kò tíì jáde, ìlà tí a ń tọ́ka sí wà nínú ìwé, iye rẹ̀ sì yé gbogbo èèyàn.

Ní ilẹ̀ Kenya, ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ mú àbá òfin owó orí ìjọba wọn, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí àwọn èdè ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó jáde síta. Ààrẹ William Ruto kò fọwọ́ sí àbá náà mọ́. Àmọ́ ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló bá a lọ, kò sì sí ìjọba tó yẹ kó fi ìbọn dá ẹni tó ń béèrè nípa owó orí lóhùn.

Ohun tó ń ná ni

Mi ò ní tàn yín. Sísọ òtítọ́ lórí owó ìlú kì í ṣe eré. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní ọdún 2016, aṣojú-ṣòfin Abdulmumin Jibrin sọ pé wọ́n ti ki nǹkan bọ inú ètò ìṣúná. Ilé Aṣojú-ṣòfin dá a dúró fún 180 ọjọ́ ìjókòó. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa ètò ìṣúná ọdún yẹn. Ilé Aṣòfin Àgbà ní kó lọ sinmi sílé fún oṣù mẹ́ta. Àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ẹ̀sùn náà, ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ìwé owó mọ́, kí la ṣe ń lé ẹni tó ní ká ṣí i wò?

Ní ọdún 2015, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò rí owó oṣù gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù, Adájọ́ Fọláhànmí Olóyèdé kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà lórí bí gómìnà ṣe ń ná owó. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ sọ pé ohun tó ṣe tàpá sí ìlànà iṣẹ́ adájọ́, wọ́n sì ní kó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2016. Ipò tí èèyàn wà ní ohun tó gbà á láàyè láti sọ, mo mọ̀. Síbẹ̀, bí ará ọjà, olùkọ́ àti oníròyìn bá ń béèrè bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ kò ní dé orí adájọ́.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n kó lẹ́yìn ìwọ́de tako ìjọba burúkú ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé ilé ẹjọ́ l'Ábújá ní oṣù kọkànlá, àwọn kan nínú wọn ṣubú lulẹ̀ lójú gbogbo ayé nítorí àárẹ̀ àti ebi. Ààrẹ ní kí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ó dára bó ṣe dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ dé ibẹ̀ rárá.

Nítorí ewu yìí ni ìbéèrè kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹnì kan tó kọ lẹ́tà, wọ́n lè dẹ́rù bà á. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ ìyá ọjà, ẹgbẹ́ olùkọ́, ìmáàmù àti pásítọ̀ àdúgbò jọ fọwọ́ sí, ta ni wọ́n fẹ́ mú?

Bí a ó ṣe máa béèrè

Àwọn irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa, à ń jẹ́ kí wọ́n dípẹtà ni. Òfin Ẹ̀tọ́ sí Ìròyìn ti ọdún 2011 sọ pé bí o bá kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba pé o fẹ́ rí ìwé kan, wọ́n gbọ́dọ̀ dá ọ lóhùn láàárín ọjọ́ méje, o kò sì ní láti sọ ìdí tí o fi fẹ́ ẹ. Ní ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Gómìnà kankan kò lè sọ mọ́ pé ti Àbújá ni. Òfin ìnáwó ọdún 2007 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì gbà pé kí ẹnikẹ́ni lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ láti mú kí ìjọba pa á mọ́, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun ju ẹlòmíràn lọ.

Ẹgbẹ́ BudgIT, tí Olúṣeun Onígbìndé àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 2011, fi ọ̀nà hàn wá. Wọ́n yẹ ètò ìṣúná ọdún 2025 wò, wọ́n sì rí i pé àwọn aṣòfin fi iṣẹ́ 11,122 kún un, iye rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ tírílíọ̀nù 6.93 náírà. Iná ojú pópó nìkan gba iṣẹ́ 1,477 nínú rẹ̀, ó sì lé ní bílíọ̀nù 393.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan péré nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ètò ìṣúná, ìlà kan ni: orúkọ iṣẹ́, orúkọ ìlú tàbí wọ́ọ̀dù, iye owó, iléeṣẹ́ tí owó yóò gbà kọjá. Àwọn tó ń tọpa iṣẹ́ lábẹ́ ètò Tracka tí BudgIT ń ṣe máa ń mú ìlà yẹn lọ sí ìlú náà gan-an. Wọ́n á fi han baálẹ̀, wọ́n á fi han àwọn ọ̀dọ́: ìwé sọ pé wọ́n ti fún yín ní kànga ẹ̀rọ, níbo ló wà? Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, omi ni kò sí. Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó gbọ́ rí. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ran ará ìlú lọ́wọ́ láti kọ̀wé sí aṣòfin wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé agbaṣẹ́ṣe tó ti lọ padà wá parí iṣẹ́, nítorí pé ìlú ti mọ iye tó wà fún un.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní èèyàn mẹ́wàá tó ń ṣe èyí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò ìṣúná tirẹ̀. Láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, Èkó ló jẹ gbèsè jù. Ó lè jẹ́ pé ó lágbára láti san án ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ará Èkó ní láti mọ iye tó jẹ́ àti ohun tí a fi ṣe. Bákan náà ni Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà nítòsí wa ju Àbújá lọ, ibẹ̀ ni owó ti máa ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ẹni tó ń wò.

Ẹ̀yin oníròyìn, pàápàá ẹ̀yin ti rédíò, ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ̀rọ̀ yìí di èdè tí èèyàn lè fi bínú, tí èèyàn sì lè fi ronú. Bí gómìnà bá fọwọ́ sí ètò ìṣúná, ẹ má kàn ka iye rẹ̀ fún wa kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ sọ fún wa ní Yorùbá pé mélòó ni fún ilé ìwòsàn, mélòó ni fún ọkọ̀ gómìnà, mélòó ni fún gbèsè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀yin orí-adé, bí aṣòfin bá wá kí yín ní ààfin, ẹ gba àlejò rẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè iṣẹ́ tó wà nínú ìwé fún ìlú yín.

Fún ẹ̀yin olórí wa tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí yín, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: ẹni tó ń bi yín léèrè kì í ṣe ọ̀tá yín. Ìwé òfin ọdún 1999 tí ẹ fi búra sọ pé ọwọ́ àwọn ará ìlú ni gbogbo agbára ìjọba ti wá. Ẹ máa gbé ètò ìṣúná àti àdéhùn gbèsè síta kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó ti tán. Ẹ jẹ́ kí ìwé ọ́dítọ̀ máa jáde lásìkò. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ gidi pẹ̀lú owó tí ẹ yá, àwa náà ni a ó kọ́kọ́ yìn yín.

Fún gbogbo wa tó wà níbí, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ fi rán yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ wá ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ yín. Ẹ wá ìlà kan ṣoṣo tó kan àdúgbò yín nínú rẹ̀. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ kọ lẹ́tà kan, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tí owó náà gbà kọjá àti sí aṣòfin yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ èkejì, ẹ jẹ́ kí oníròyìn mọ̀. Àwa la ó san gbèsè náà. Ẹ má jẹ́ ká san án láìbéèrè.